Bàbá Tó Fà Mí Lé Yunifásítì Lọ́wọ́

Bí bàbá mi àgbà bá dé ilé onílé, ilẹ̀kùn ni wọ́n ń kọ́kọ́ kí. Wọ́n á ṣí i, wọ́n á tì í, wọ́n á tún ṣí i, wọ́n á dẹ etí sí i bóyá ó ń ké, kí wọ́n tó wá rántí pé èèyàn wà nínú ilé. Mo bá wọn lọ kí aláìsàn kan rí ní Òkè Gàdà. Ilẹ̀kùn yàrá ọkùnrin náà ń ké bí ewúrẹ́ tó fẹ́ bímọ. Bàbá dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọn ò wọlé, àfi ìgbà tí aláìsàn fúnra rẹ̀ dìde lórí ẹní tó lọ bu epo wá. Nígbà tí ilẹ̀kùn dákẹ́, wọ́n wá jókòó, wọ́n ní, "Ẹ ǹlẹ́ o. Wọ́n ní ara yín ò yá?"

Káfíńtà ni wọ́n. Bàbá Onílẹ̀kùn ni gbogbo àdúgbò wa ní Ẹdẹ ń pè wọ́n. Èmi Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ọmọ wọn, ọ̀dọ̀ wọn ni mo dàgbà sí láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, tí ìyá mi sì gba ìlú Awo lọ máa tajà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ sin wọ́n ni. Àwọn èèyàn ń wá kí wa, wọ́n ń sọ pé èèyàn dáadáa ni wọ́n. Mo ń sọ pé ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Ta ni kì í di èèyàn dáadáa tó bá ti kú? Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́ gan-an.

Alágídí ni wọ́n. Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé kò sí iṣẹ́ tó ń pa owó fún káfíńtà bíi pósí. Òkú kì í dúró de ẹnikẹ́ni, àwọn ẹbí rẹ̀ kì í sì í nájà pẹ́. Bàbá ò kan pósí. Èèyàn á wá, owó á wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ á ti pọ́n fún ẹkún, Bàbá á bá a kẹ́dùn, wọ́n á mú un jáde síta, wọ́n á júwe ilé káfíńtà mìíràn fún un. Bí o bá bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀, ìdáhùn kan náà ni: "Èmi kì í kan ilé tí kò ní fèrèsé."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí. Àwọn èèyàn ń fi ṣẹ̀fẹ̀ kiri. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà nílé tí kò bá wọn rẹ́rìn-ín, ìyẹn Bọ̀ọ̀dá Láńre, àbíkẹ́yìn Bàbá, àbúrò bàbá mi. Bọ̀ọ̀dá Láńre ń rán aṣọ tìmùtìmù àga nínú ṣọ́ọ̀bù tó fara ti ti Bàbá. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó rí ààyè gbà ní pólì, owó ni kò sí. Ọ̀rọ̀ wá bọ́ sí i lásìkò yẹn gan-an pé ilé ìgbókùúsí kan ń wá káfíńtà tí yóò máa kan pósí fún àwọn. Bọ̀ọ̀dá Láńre dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba iṣẹ́ yìí. Bàbá ní àwọn kì í kan ilé tí kò ní fèrèsé. Bí ààyè náà ṣe lọ nìyẹn. Láti ìgbà yẹn, ó ń kí Bàbá láàárọ̀, ó ń kí wọn lálẹ́, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn láàárín àwọn méjèèjì. Ògiri kan ṣoṣo ló pín ṣọ́ọ̀bù wọn níyà. Inú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni mo ti gbọ́njú, mo rò pé bí bàbá àti ọmọ ṣe ń gbé nìyẹn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti ọmọ iṣẹ́ wọn, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Bàbá kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ níṣẹ́. Kò sí èyí tó kàn dédé rìn wọlé tó ní òun fẹ́ kọ́ káfíńtà. Wọ́n á lé e padà ni. Àfi kí ẹni tó ni ọmọ mú un wá, kí ó ṣí fìlà tàbí kí ó kúnlẹ̀, kí ó sọ ọ́ lẹ́nu pé mo fà á lé yín lọ́wọ́. Onídùúró á wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹni tí yóò dúró fún ọmọ náà bí ohunkóhun bá ṣe òbí rẹ̀. Bàbá á wo ọmọ náà látòkè délẹ̀, wọ́n á ní, "Mo gbà á." Ó di ọjọ́ tó bá kọ́ṣẹ́ tán kí wọ́n tó tún pe gbogbo wọn jọ, wọ́n á ṣàdúà fún un, wọ́n á sì dá a padà fún àwọn tó mú un wá. Fúrídọ́ọ̀mù là ń pè é. Bí òbí bá ní iṣẹ́ ń dí àwọn lọ́wọ́, pé kí ọmọ máa dá bọ̀, Bàbá á bínú. "Ewúrẹ́ ló ń dá wọ ilé onílé," wọ́n á wí. "Ọmọ èèyàn, fífà là ń fà á lé èèyàn lọ́wọ́."

Ó wá kan èmi. Nínú lẹ́búlẹ́bú pákó yẹn ni mo ti kàwé fún ìdánwò àbáwọlé yunifásítì. Bàbá ní kí n máa kà á sókè. Èmi ń ka ìbéèrè, àwọn ń fi ìfági fá pákó. Bí mo bá dé ibi tí kò yé mi, ohùn mi á rẹlẹ̀, ìfági náà á sì dúró.

"Tún ibẹ̀ yẹn kà."

"Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo ń kà ni?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ìṣó tí kò wọlé dáadáa, ohùn rẹ̀ máa ń yàtọ̀."

Ẹ gbà mí, mo tún ibẹ̀ kà títí ó fi sú mi. Síbẹ̀, nígbà àkọ́kọ́ tí mo jókòó sí ìdánwò náà, mo fìdí rẹmi. Kí n má pe máàkì tí mo gbà, torí àwọn ọ̀tá lè wà níbí. Bọ̀ọ̀dá Láńre yọjú láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ kó wá jókòó tì mí, kó kọ́ ìránṣọ. Ìwé ò sí fún irú wa nílé yìí." Kì í ṣe pé ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dun òun náà, mo rí i lójú rẹ̀. Bàbá ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ọmọ iṣẹ́ tó bá ba pákó jẹ́, ṣé ilé là ń lé e lọ? Pákó mìíràn là ń fún un."

Wọ́n fún mi ní pákó mìíràn. Mo tún ìdánwò ṣe, mo yege. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ kọ́, òun ni mo kọ síwájú. Nígbà tí orúkọ jáde, mo wo fóònù, mo nu ojú fóònù, mo tún wò ó. Wọn ò fún mi ní nọ́ọ̀sì. Mo sùn sílẹ̀ lórí símẹ́ńtì ṣọ́ọ̀bù, mo bú sẹ́kún.

Bàbá ní, "Kí ni wọ́n wá fún ọ?"

"Ìmọ̀ nípa ilẹ̀."

"Ilẹ̀ wo?"

"Ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ yìí, Bàbá!"

Wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n wò mí. "Wọ́n ń kọ́ ìyẹn níwèé?" Mo tún ké tantan. Àwọn ẹ̀wẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. Nígbà tí ikọ́ fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n ní, "Dìde ńbẹ̀. Ilẹ̀ tó o fẹ́ fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́, o ti ń yí gbiri lórí rẹ̀ látòní? A wá igi ìrókò lọ, a gbé igi àfàrà bọ̀. Ilẹ̀kùn náà la ó fi kàn."

Ṣùgbọ́n yunifásítì kì í fúnni láàyè lásán. Owó ìgbàwọlé wà, owó ilé ẹ̀kọ́ wà, owó ibùgbé wà, ọjọ́ sì wà tí gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé. Bí ọjọ́ náà bá kọjá, wọ́n á gbé ààyè mi fún ẹlòmíràn. Ìyá mi mú tọwọ́ rẹ̀ wá láti Awo, kò tó ibì kan. Iṣẹ́ Bàbá náà sì ti dẹnu kọlẹ̀ lásìkò yẹn, torí àwọn ilẹ̀kùn onírin tí wọ́n ń kó wọ̀lú láti òkè òkun ti gbòde, kò sẹ́ni tó tún ń bèèrè ilẹ̀kùn pákó. Mo ti ń gbà á lọ́kàn pé ìránṣọ ni.

Ìgbà tí mo dé láti ọjà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá nǹkan gígùn kan lórí tábìlì Bàbá. Mo rò pé kọ́bọ́ọ̀dù ni. Mo sún mọ́ ọn. Ó fẹ̀ léjìká, ó tín-ín-rín lẹ́sẹ̀. Pósí ni.

"Bàbá, ta ló kú?"

"Kì í ṣe ẹni tó o mọ̀. Bá mi di pákó yẹn mú."

Ibi tí mo ti ń dì í mú ni Bọ̀ọ̀dá Láńre ti wọlé. Ó wo pósí, ó wò mí, ó wo Bàbá. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó ní, "Ó ti wá ní fèrèsé nìyẹn. Nígbà tó jẹ́ èmi, kò ní. Nígbà tó kan Àbẹ̀kẹ́, ó ti ní."

Ẹ̀rù bà mí. Bàbá kì í gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọmọ. Wọ́n gbé òòlù sílẹ̀. Mo ní ó ti dé, ilé ti dàrú. Wọ́n na ọwọ́ sórí, wọ́n ṣí fìlà. Èmi ò rí i rí, mi ò sì gbọ́ ọ rí, pé kí àgbà ṣí fìlà fún ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀.

"Láńre," wọ́n ní, "mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ. Mo pè é ní ìlànà, agídí ni. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi. Ṣùgbọ́n mi ò lè tì í lẹ́ẹ̀kejì."

Bọ̀ọ̀dá Láńre yí padà, ó jáde. Mo ń sunkún, mo ní kí Bàbá jẹ́ ká fi yunifásítì sílẹ̀, pé màá kọ́ ìránṣọ, pé kí wọ́n lọ bá ọmọ wọn. Wọ́n ní kí n di pákó mú dáadáa, mo ti ń jẹ́ kó wọ́.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Bọ̀ọ̀dá Láńre gbé aṣọ funfun àti fóòmù wá. Ó wọn inú pósí, ó gé fóòmù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹ. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Bàbá, igun yìí ò gún." Bàbá wá wò ó, wọ́n ní, "Òótọ́ ni." Ẹ bá mi dúpẹ́! Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ láàárín wọn tí kì í ṣe ẹ káàárọ̀ nìyẹn.

Iṣẹ́ pósí ló san owó ilé ẹ̀kọ́ mi, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Agídí kì í sì í kú tán lára alágídí. Bàbá yọ fèrèsé kékeré sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo pósí tí wọ́n kàn, èyí tó ṣeé ṣí, tó sì ṣeé tì. Àwọn oníbàárà kọ́kọ́ ń bínú. Wọ́n ní kí ni òkú fẹ́ máa yọjú wò? Nígbà tó yá, àwọn kan náà ló ń wá bèèrè: "Onífèrèsé yẹn la fẹ́ o."

Nígbà tí owó pé, mo rò pé ó ti parí. Bàbá ní, "Ta ni màá fà ọ́ lé lọ́wọ́?"

"Kò sẹ́ni, Bàbá. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì la ti ṣe gbogbo rẹ̀."

"Íńtánẹ́ẹ̀tì ni yóò máa ṣọ́ ọ?"

Mo ṣàlàyé títí, ẹnu mi bó. Wọ́n ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tí yóò ya ẹnu sọ pé mo gbà á. Èmi náà ṣèèṣì wá sọ pé a máa kọ́kọ́ ṣe kílíráńsì. Bàbá ò bèèrè kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí n lè sọ pé àyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí ni. Ọjọ́ tí mo wọ sẹ́kọ́ńdìrì, àdá àti ìgbálẹ̀ ni wọ́n ní kí ọmọ tuntun mú wá, a sì ṣán gbogbo igbó ẹ̀yìn kíláàsì. Bàbá mú àdá, wọ́n pọ́n ọn títí ó fi ń kọ mọ̀nà, wọ́n fi àpò wé e. Ẹnu ọ̀nà yunifásítì ni mo ti mọ̀, nígbà tí ẹ̀ṣọ́ tú àpò wò.

"Bàbá! Kí lẹ fẹ́ fi àdá ṣe nínú yunifásítì?"

"Ọmọ mi fẹ́ ṣe kílíráńsì."

Ẹ̀ṣọ́ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá ògiri mú. Ó gba àdá, ó ní kí wọ́n wá mú un tí wọ́n bá ń padà. Bí a ṣe wọlé nìyẹn: Bàbá nínú agbádá, èmi tí ìtìjú ń pa kú lọ, àti Bọ̀ọ̀dá Láńre tó ru àpótí ìjókòó kan tí Bàbá kàn fún ọ̀gá mi, ẹnikẹ́ni tí ọ̀gá náà bá jẹ́. Bọ̀ọ̀dá Láńre ni Bàbá ní kó bá àwọn gbé e. Ohun tó mọ̀ nìyẹn.

Ọ́fíìsì àkọ́kọ́, wọ́n ní ká bọ́ síta. Ìkejì, akọ̀wé kan ní, "Baba, we don't do that here, ẹ lọ sinmi." Ìkẹta la ti bá Mísíìsì Ọlátúnjí, obìnrin onígíláàsì kan tó ń wo ìwé ẹ̀rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Bàbá ṣí fìlà, wọ́n tẹ̀ba títí ọwọ́ wọn fi kan ilẹ̀. Obìnrin náà fò dìde: "Èèwọ̀! Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde!"

Bàbá ò dìde. Wọ́n ní, "Ọmọ mi rèé, Àbẹ̀kẹ́. Mo fà á lé yín lọ́wọ́. Bó bá ṣe dáadáa, ẹ yìn ín. Bó bá ṣe ìkà, ẹ nà án, ojú rẹ̀ nìkan ni kí ẹ má fọ́. Ọjọ́ tó bá kọ́ṣẹ́ tán, ọwọ́ yín la ó ti gbà á."

Àwọn kan nínú ọ́fíìsì ń bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ tí mo wá kọ́, mo bẹ̀ ẹ́ kó lanu kó gbé mi mì. Mísíìsì Ọlátúnjí bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ta ni onídùúró?"

Obìnrin yìí mọ bí wọ́n ṣe ń fa ọmọ léni lọ́wọ́! Bàbá yí padà, wọ́n na ọwọ́ sí Bọ̀ọ̀dá Láńre lẹ́nu ọ̀nà. "Òun ni." Wọn ò sọ fún un tẹ́lẹ̀, mo fi Ọlọ́run búra. Ó sọ àpótí kalẹ̀, ó wo Bàbá, ó ní, "Èmi ni, Mà."

Obìnrin náà ní, "Mo gbà á."

Láti ọjọ́ náà, Bàbá ò pè é lórúkọ mọ́. Ọ̀gá Àbẹ̀kẹ́ ni. Bí mo bá ti dé fún ìsinmi, kí n tó sọ ẹrù, "Ọ̀gá rẹ ńkọ́?" Obìnrin náà ò kọ́ mi ní iṣẹ́ kankan, ọ́fíìsì ló ń jókòó sí, lórí ìjókòó gíga, ó sì ń gbé ẹsẹ̀ lé àpótí Bàbá. Ṣùgbọ́n ó ń ṣọ́ mi. Ìgbà tí mo fìdí rẹmi nínú kọ́ọ̀sì kan, ó pè mí, ó fa etí mi títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó ní, "Ojú nìkan ni wọ́n ní kí n má fọ́."

Mo ti ṣe ìdánwò àṣekágbá tán, èsì ni mò ń retí, nígbà tí àìsàn dá Bàbá dùbúlẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí: "Ṣé wọ́n ti dá ọ padà?" Mo ní ó kù díẹ̀, Bàbá. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́nu wọn mọ́. Wọ́n tún bèèrè, mo tún ní ó kù díẹ̀. Wọ́n ní, "Kò burú. Onídùúró wà." Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu wọn lẹ́yìn ìyẹn.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn àtijọ́ ló kan pósí wọn, wọ́n sì yọ fèrèsé sí i. Bọ̀ọ̀dá Láńre tẹ́ inú rẹ̀. Nígbà tó tẹ́ ẹ tán, ó ṣí fèrèsé náà, ó tì í, ó tún ṣí i, ó dẹ etí sí i, ó wá lọ bu epo. Ẹkún gbé mi níbẹ̀. Ẹ̀yìn ilé la sin wọ́n sí. Mo wo ilẹ̀ tí wọ́n ń kó jáde, mo mọ orúkọ rẹ̀ níwèé, mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kò sì ṣe mí láǹfààní kankan.

Èsì mi ti jáde nígbà náà, mo ti yege, ta ni mo fẹ́ sọ fún? Àlùfáà ti ṣàdúà tán, àwọn èèyàn ti ń wá ibi ìjókòó, ni Mísíìsì Ọlátúnjí gba àárín wọn kọjá. Èmi ni mo fi ikú Bàbá tó o létí, mo rò pé ìkíni ló bá wá. Ó dúró lẹ́bàá sàréè, ó ní kí n kúnlẹ̀.

"Bàbá Onílẹ̀kùn," ó ní, ohùn rẹ̀ le bí ẹni tó ń bá ẹni tó wà láàyè sọ̀rọ̀, "ẹ fa Àbẹ̀kẹ́ lé mi lọ́wọ́. Ó kọ́ṣẹ́, ó kọ́ ọ tán, ojú rẹ̀ ò fọ́. Mo mú un wá. Ta ló máa gbà á?"

Ìyá mi ti ń sunkún, kò lè dìde. Obìnrin náà dúró, ó ń retí. Bọ̀ọ̀dá Láńre ń bẹ lẹ́yìn níbi tí wọ́n ti ń kó ṣọ́bìrì jọ. Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó bọ́ síwájú, ó ṣí fìlà.

"Èmi ni onídùúró, Mà. A gbà á. A dúpẹ́."

"Àpótí ìjókòó ńkọ́? Ìyẹn ò ní padà wá o," Mísíìsì Ọlátúnjí wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Bọ̀ọ̀dá Láńre fà mí dìde, kò sì fi ọwọ́ mi sílẹ̀ títí a fi dé iwájú ilé. Ilẹ̀kùn tí Bàbá kàn ló wà níbẹ̀. Ó ṣí i gbayawu, ó dì í mú fún mi, ó ní kí n wọlé.